Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Í Fò, Òkun Ni Kò Tó Àwọ̀n

Ẹnu ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Ògùdù nílùú Èkó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde láti kọ àròkọ yìí. Kòtè ni mo lọ rà. Bí Màmá ti ń fi ọ̀bẹ ya ẹja tó dì mọ́ra nínú páálí, mò ń sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ òkun, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹyẹ náà ń lọ àti ibi tó ti ń jẹun. Màmá kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó yó ló ń tọpa ẹyẹ. Ẹni tí ebi ń pa, ẹja ló ń wá." Gbogbo ẹni tó wà nídìí ìsọ̀ kan sáárá sí wọn. Mo gba ẹja mi, mo dúpẹ́, mo kọrí sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé kì í ṣe ti Màmá nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń jà fún àwọn apẹja gan-an. Ó ti di ohun tí gbogbo wa gbà láì bi ara wa léèrè: ẹyẹ ni ti òyìnbó, ẹja ni tiwa. Èmi kò gbà. Mo ní ẹni tí ebi ẹja ń pa gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ tọpa ẹyẹ, nítorí pé lójú agbami, níbi tí kò sí ọlọ́pàá, tí kò sí aládùúgbò, ẹyẹ ni ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò lè fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Òwe kan wà tí èrò àwọn ènìyàn fẹ̀yìn tì. Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. A fi ń parí ìjà oníṣòwò méjì tó pàtẹ sójú kan, a sì fi ń tu ẹni tó ń bẹ̀rù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan òkun, òwe yìí náà la máa ń gbé lọ síbẹ̀: òkun fẹ̀, ẹja pọ̀, kí ẹyẹ jẹ tirẹ̀, kí trọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n, kó tirẹ̀, kí ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Ẹ̀gùn na àwọ̀n tiwọn. Òwe náà kò purọ́ nípa òfuurufú. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í jẹ òfuurufú. Inú omi ni oúnjẹ ẹyẹ òkun wà, ibi tí oúnjẹ sì pọ̀ sí nínú omi kò fẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe rí. Ẹja kéékèèké bíi ṣawa ń gbé ayé lórí àwọn ohun wínníwínní tó ń hù lójú omi bí ewéko ti ń hù lórí ilẹ̀. Ohun tó ń bọ́ àwọn yẹn, ìsàlẹ̀ òkun ló máa ń rì sí. Níbi tí kò bá ti sí ohun tó ń gbé ọ̀rá yẹn padà sókè, òkun a máa dà bí ilẹ̀ tó ti ṣá, omi rẹ̀ mọ́ lójú, ẹja rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ni omi tútù ti máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan wà ní etíkun Mauritania àti Senegal. Òmíràn wà ní Namibia àti South Africa. Èyí tó sún mọ́ wa jù bẹ̀rẹ̀ láti Côte d'Ivoire, ó gba Gánà kọjá, ó dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ló máa ń lágbára, ó sì tún máa ń yọjú díẹ̀ nígbà tí ọdún bá ń yí. Àsìkò yẹn ni ṣawa ń wọ́ wá sí òkè omi. Ibẹ̀ ni ẹyẹ ń kóra jọ sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ apẹja kékeré ń lọ, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ńláńlá ń da àwọ̀n sí. Ojú ọ̀run fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọwọ́ bọ̀.

Báwo la ṣe wá mọ ibi tí ẹyẹ ń gbà? Ẹ̀rọ kan wà tí kò wúwo ju gíráàmù 1.4 lọ. Kì í bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń kọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú sílẹ̀. Bí ojúmọmọ ṣe gùn tó ló ń sọ bí ẹyẹ ti jìnnà tó sí àríwá tàbí sí gúúsù; wákàtí tí oòrùn kàn tàrí ló ń sọ bó ṣe lọ tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ tẹ ohun tí ẹ̀rọ yìí kọ sílẹ̀ lára ẹyẹ tern mọ́kànlá jáde, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Arctic tern. Ẹyẹ kékeré funfun ni, orí rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ là bíi ti alápàáńdẹ̀dẹ̀. Ní ibi bíi Greenland àti Iceland ló ń yé ẹyin, etí yìnyín ìsàlẹ̀ ayé lápá gúúsù ló ń lọ lo ìyókù ọdún, ìrìn àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lọ́dún kan sì tó bíi 71,000 kìlómítà. Nígbà tí àwọn mọ́kànlá yìí dé ìtòsí Cape Verde, mẹ́rin yà sí ọ̀nà Brazil. Méje tẹ̀lé etíkun Áfíríkà lọ. Ẹ̀rọ GPS tí wọ́n ń lò báyìí tún ṣe kedere ju èyí lọ: ó lè tọ́ka ibi tí ẹyẹ wà láì ṣìnà ju ìwọ̀nba mítà díẹ̀, débi pé ènìyàn lè gbé ipa ọ̀nà ẹyẹ lé ipa ọ̀nà ọkọ̀ apẹja lórí, kó wo wákàtí tí wọ́n pàdé.

Kí ẹ̀rọ tó dé, òrùka ti ń jẹ́rìí. Ní erékùṣù Rockabill ní etíkun Ireland, irú tern kan wà tí wọ́n ń pè ní roseate tern. Wọ́n máa ń fi òrùka irin tó ní nọ́ńbà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó tó fò. Ní àwọn ọdún 1960, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tọkọtaya ẹyẹ yìí tó ń pamọ ní Britain àti Ireland. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, wọn kò tó ẹgbẹ̀rún kan mọ́. Etíkun Gánà ni òrùka náà ti ń jáde, lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń fi okùn àti ìwọ̀ dẹ àwọn ẹyẹ náà. Ní ọdún 1982, Euan Dunn àti Chris Mead gbé ìròyìn àwọn òrùka yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹja sardine, ẹbí ṣawa wa, tí wọ́n ń pa níbẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé méjèèjì so mọ́ra. Ibi tí ẹja yìí bá wọ́ dé ni ẹyẹ ń tẹ̀lé e dé.

Ilẹ̀ Gánà gbọ́ apá kan nínú ẹ̀rí yẹn. Láti 1985 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹyẹ etíkun, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé ní àwọn abúlé apẹja, inú iṣẹ́ náà sì ni ẹgbẹ́ Ghana Wildlife Society ti jáde ní 1991. Lónìí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tọkọtaya roseate tern tó ń pamọ ní Rockabill nìkan. Ẹyẹ rí ìgbàlà. Ẹja ńkọ́? Iye ṣawa tí àwọn apẹja Gánà ń kó gúnlẹ̀ ti dín ju ìdajì lọ dáadáa sí ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ẹlẹ́rìí kan náà sọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ní ẹyẹ ń kú, ó sì tọ́ka ibi tí ẹja tó ń bọ́ ẹyẹ àti ènìyàn wà. Àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ gbọ́ tiwọn. Àwa tí a fẹ́ràn ẹja kò tẹ́tí, nítorí a ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí páálí tó wà níwájú Màmá. Ẹja tí Nàìjíríà ń pa kò tó èyí tí à ń jẹ. Ọ̀kẹ́ àìmọye páálí tó ń wọ kóòlù-rúùmù Èkó, òkun ẹlòmíràn ni wọ́n ti kó wọn. Ọdún pípẹ́ ni àwọn ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ Netherlands fi ń pa irú ẹja bíi kòtè àti ṣawa ní etíkun Mauritania, tí wọ́n ń dì í lójú òkun níbẹ̀, tí Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oníbàárà wọn tó tóbi jù. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tọpa irú ẹyẹ òkun mẹ́jọ láti káàkiri Atlantic, wọ́n sì rí i pé kò sí irú kankan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí kò ná òkun Mauritania àti Senegal yẹn. Ó lé ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ tó débẹ̀. Bí mo bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ẹyẹ yẹn yà síwájú Màmá, orísun ọjà tiwọn ni mo tẹ́ síwájú wọn. Ní etíkun kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń lọ ṣawa kúnná, wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ fún ẹja tí wọ́n ń sìn ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí abọ́ yẹn bá gbẹ, ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn, nítorí òun kò ní kóòlù-rúùmù tó lè fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ni iye owó páálí kan ní Ògùdù yóò wá sọ ohun tí ẹyẹ ti sọ.

Mo ti pe ẹyẹ ní ẹlẹ́rìí, mo sì ní láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá máa ń gbé ẹ̀rọ kan tó ń kéde ibi tí ọkọ̀ wà, kí ọkọ̀ má baà kọlu ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ jalè a pa á. Láàárín 2018 sí 2019, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé so ẹ̀rọ mọ́ 169 lára àwọn ẹyẹ òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní albatross ní gúúsù òkun Íńdíà. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ìró ràdá ọkọ̀, èyí tí ọ̀gá ọkọ̀ kì í fẹ́ pa nítorí òun ló fi ń ríran. Àwọn ẹyẹ náà bá ọkọ̀ 353 pàdé, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò kéde ara rẹ̀ rárá. Ẹyẹ kò mọ̀ pé òun ń ṣọ́ wọn. Ó kàn ń wá oúnjẹ ni. Ní 2024, àwọn onímọ̀ mìíràn fi àwòrán sátẹ́láìtì wo gbogbo ayé, wọ́n rí i pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá ni kò hàn lójú ìkéde tí gbogbo ènìyàn lè rí, etíkun Áfíríkà sì wà lára ibi tí ó burú sí jù. Òkun wa ni wọ́n ń rìn ní bòókẹ́lẹ́. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tí albatross gbé wúwo ju ohun tí tern lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí tern ń kóra jọ sí ń tọ́ka ibi tí ẹja wà, ibi tí ẹja sì wà ni ẹni tó ń ṣọ́ olè yẹ kó gbé àtùpà rẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ẹyẹ gan-an ló ń jẹ ẹja wa tán. Kí wọ́n lọ bi Namibia. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọkọ̀ ńlá ya bo sardine ibẹ̀, wọ́n ń kó o lé mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Àwọn ọdún 1970 kò tíì parí tí ẹja náà fi wó lulẹ̀, kò sì gbérí padà títí di òní. Cape gannet, ẹyẹ ńlá funfun tí ọmọ rẹ̀ máa ń fò gòkè wá títí dé apá ọ̀dọ̀ tiwa, dín ní Namibia ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹyẹ àti sardine ti jọ ń gbé, tí ọ̀kan kò pa èkejì run. Àwọ̀n ló dé tí àwọn méjèèjì fi lọ. Ẹ sì bi àgbà apẹja èyíkéyìí tó ti na àwọ̀n lójú agbami: bó bá rí ẹyẹ tó ń já ṣòòròṣò bọ́ sínú omi, ibẹ̀ ló ń darí ọkọ̀ sí. Àwọn baba wa tọpa ẹyẹ nítorí ẹja kí òyìnbó tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Àwa ni a gbàgbé.

Àwọn mìíràn á ní tí a bá ń dáàbò bo ẹyẹ, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja. Namibia yìí kan náà ló tún fèsì. Àwọn ọkọ̀ tó ń ta okùn gígùn oníwọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ máa ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀, nítorí ẹyẹ ń gbé ìjẹ orí ìwọ̀ mì, okùn a sì fà á rì. Ní 2015, ìjọba sọ ọ́ di òfin pé kí ọkọ̀ máa fa okùn tó ní ọ̀já aláwọ̀ lẹ́yìn, kí ó máa fì láti dẹ́rù ba ẹyẹ títí ìwọ̀ yóò fi rì. Ikú ẹyẹ dín ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹja pípa kò dúró. Àwọn obìnrin kan ní Walvis Bay ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe okùn náà tà, wọ́n ń jẹun níbẹ̀. Ẹyẹ yè, iṣẹ́ tuntun sì wá.

Àtakò kẹta ló wọ̀ mí lára jù: wọ́n ní ìmọ̀ òyìnbó ni. Ẹyẹ tó ń lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ní Ireland, tó sì ń lo èyí tó pọ̀ nínú ọdún yòókù lójú òkun Áfíríkà, ta ló ni ín? Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní apá Ògùdù sí Ọ̀wọ́ròǹṣókí lè rí àwọn tern tó bá omi òkun wọlé, tí wọ́n ń fò lókè orí àwọn tó ń kó yanrìn àti àwọn tó ń ju àwọ̀n. Nínú àwọn ẹyẹ funfun, lékelèke nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórúkọ. Síbẹ̀, ilé ìwádìí ẹyẹ APLORI wà ní Jos, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa níbẹ̀ fún ohun tó lé lógún ọdún. Nigerian Conservation Foundation ti wà láti 1980. Ilé ìwádìí òkun, NIOMR, wà ní Victoria Island níbí láti 1975. Ọmọ wa tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni èrò tí Màmá sọ jáde, tí àwọn aláṣẹ gbà gbọ́: pé owó tí a bá ná lórí ẹyẹ, a gbà á lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa ni. Bí a bá di èyí mú, ìmọ̀ nípa òkun wa yóò máa jókòó sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, a ó sì máa ra ẹja wa padà nínú páálí.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Òfin ẹja pípa lójú òkun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 sọ pé trọ́là kò gbọ́dọ̀ fa àwọ̀n láàárín máìlì òkun márùn-ún sí èbúté, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Àwọn apẹja kékeré láti Badagry dé Ìlàjẹ kò yé ké pé trọ́là ń wọ ibẹ̀ lóru, ó ń fa àwọ̀n àwọn ya. Kí ìjọba fi ibi tí gbogbo trọ́là tó gba ìwé àṣẹ wà hàn ní gbangba, kí ọmọ apẹja lè wò ó lórí fóònù. Kí aṣojú tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ máa wà nínú ọkọ̀, kó máa kọ ẹja tí wọ́n dà nù, kó sì máa kọ ẹyẹ tó kú. Kí NIOMR àti APLORI jọ so ẹ̀rọ mọ́ àwọn tern tó ń wọ ọ̀sà wa, kí wọ́n gbé ipa ọ̀nà wọn lé ipa ọ̀nà àwọn ọkọ̀ yẹn lórí. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi òkun ti wà lọ́tọ̀ láti 2023. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ tiwa. Bí ẹyẹ kan bá há sínú àwọ̀n ní Àgbóyì tàbí ní Ọ̀wọ́ròǹṣókí, tí irin sì ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, ẹ má sì yọ ọ́ fi ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ẹyẹ. Bó bá ṣì wà láàyè, ẹ jẹ́ kó lọ.

Màmá, ọ̀rọ̀ yín kò ṣubú lulẹ̀. Ebi ń pa wá lóòótọ́, ẹja la sì ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé, lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá rí ẹyẹ funfun kékeré tó já bọ́ sínú ọ̀sà tó sì gòkè láì mú nǹkan kan, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún wò ó. Ẹja tí ẹ̀yin náà ń retí ló ń wá.